Kẹ́míkà olóró nínú afẹ́fẹ́ ìta: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ bí ewu rẹ̀ ti tó?

Bí wọ́n bá gbé ìwé ìwádìí afẹ́fẹ́ àdúgbò kan jáde, àwọn kan á rí orúkọ benzene níbẹ̀, oorun ò ní kùn wọ́n mọ́. Àwọn mìíràn á rí "ọ̀kan nínú mílíọ̀nù", wọ́n á ní ariwo lásán ni. Ìgbà tí èmi náà kọ́kọ́ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, mo ṣe méjèèjì láàárín wákàtí kan. Àwọn ìbéèrè tí mo ń bi ara mi nígbà náà, àti àwọn tí àwọn ènìyàn ń bi mí látìgbà náà, ni mo kó jọ síbí.

Kí ni wọ́n ń pè ní kẹ́míkà olóró inú afẹ́fẹ́?

Ohun tó jẹ́ pé tí a bá ń fà á símú, ó lè fa jẹjẹrẹ, ó lè ba ọpọlọ, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tàbí kó ṣàkóbá fún ọmọ inú oyún. Benzene wà lára wọn: inú epo bẹntiróòlù àti èéfín ọkọ̀ ló ti sábà máa ń jáde. Formaldehyde wà níbẹ̀, àti ethylene oxide tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn lára irinṣẹ́ ìṣègùn, àti òjé, mẹ́kúrì, oríṣi chromium kan báyìí. Nígbà tí Amẹ́ríkà tún òfin afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣe ní 1990, irú wọn 189 ni wọ́n to sínú rẹ̀. Wọ́n ti yọ díẹ̀ kúrò, wọ́n sì ti fi òmíràn kún un.

Ṣé bí kẹ́míkà bá ti wà nínú afẹ́fẹ́, ó ti ń pa wá nìyẹn?

Rárá o. Àwọn àgbà ní ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀, ewu ni. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tí kò dé oko Lóńgẹ́ rí ńkọ́? Ẹni tó kọjá létí oko náà lẹ́ẹ̀kan, ṣé òun àti ẹni tó ń sùn síbẹ̀ lálaalẹ́ jọ ń fojú rí ohun kan náà ni? Agbára láti ṣe ènìyàn ní jàǹbá jẹ́ ìwà kẹ́míkà fúnra rẹ̀. Ewu ni ohun tó ń yọ jáde nígbà tí ìwà yẹn bá pàdé iye tó dé ara wa àti bó ti pẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí afẹ́fẹ́ kò ní wáyé bí a bá pààlà sáàárín méjèèjì.

Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà ṣe ìṣirò ewu náà?

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni. Ìgbìmọ̀ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní National Research Council ní Amẹ́ríkà ló tò ó lẹ́sẹẹsẹ ní 1983, ìlànà náà sì ni ọ̀pọ̀ àjọ ìjọba kárí ayé ń tẹ̀ lé títí di òní. Wọ́n á kọ́kọ́ wá ìjàǹbá tí kẹ́míkà náà lè ṣe. Wọ́n á wo bí ìjàǹbá yẹn ṣe ń pọ̀ sí i bí iye tó wọ ara ṣe ń pọ̀ sí i. Wọ́n á wá iye tí àwọn ará àdúgbò ń fà símú ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sọ bí ewu náà ti tó, wọ́n á sì sọ ibi tí ìṣirò wọn ti lè kù díẹ̀ káàtó. Ìwé tí kò bá ní apá ìkẹyìn yẹn nínú, ẹ fojú tó mú kà á.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kẹ́míkà kan ń fa àrùn? Ṣé wọ́n ń fi ènìyàn dánra wò ni?

Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ fi ènìyàn dánra wò. Àmọ́ ká má parọ́: ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ lónìí, ara àwọn òṣìṣẹ́ ni a ti rí i kọ́. Ní 1974, wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Louisville, ní Kentucky, níbi tí wọ́n ti ń fi vinyl chloride ṣe ike PVC, ń kú nípa oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kan tó ṣọ̀wọ́n. Ó ṣọ̀wọ́n débi pé kí mélòó kan ní in lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo kò lè jẹ́ àkọsẹ̀bá. Ti benzene náà, àwọn tó ń ṣe rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ohio ni àwọn olùwádìí tọpa wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n fi rí i pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń pa wọ́n ju bó ṣe ń pa àwọn ẹlòmíràn lọ.

Níbi tí kò bá ti sí àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́, eku inú yàrá ìwádìí ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fún àwọn eku ní kẹ́míkà púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á sì wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ìṣòro kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ohun tí òṣìṣẹ́ tàbí eku fà símú pọ̀ fíìfíì ju ohun tí ẹni tó dúró síta ilé rẹ̀ ń fà lọ. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò gbọ́dọ̀ fi ohun tó hàn lókè méfò ohun tó wà nísàlẹ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ pọ̀ sí jù.

Mo kà pé wọ́n ti fi kẹ́míkà kan sí "ìsọ̀rí kìíní" àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ṣé òun ló burú jù nìyẹn?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìròyìn ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ló ń ṣe ìsọ̀rí yẹn. Benzene àti formaldehyde wà ní ìsọ̀rí kìíní. Wọ́n fi èéfín ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kún un ní 2012, wọ́n sì fi ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ ìta lápapọ̀ kún un ní 2013. Bí ẹ̀rí ṣe dájú tó ni ìsọ̀rí náà ń sọ. Kò sọ bí oró náà ṣe le tó. Ohun méjì lè jọ wà ní ìsọ̀rí kìíní kí ọ̀kan lágbára ju èkejì lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye tí à ń fà símú?

Ọ̀nà méjì ni. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n á gbé agolo irin kan tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde síta, á máa fa afẹ́fẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 24, wọ́n á wá gbé e lọ sí yàrá ìwádìí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n sábà máa ń ṣe èyí lọ́jọ́ kan nínú ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà, kó lè kárí gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ bí ọdún ṣe ń lọ. Èkejì ni kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀. Wọ́n á sọ iye tó ń jáde lẹ́nu òpó èéfín fún un, bí òpó náà ti ga tó, bó ṣe gbóná tó, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Kọ̀ǹpútà á wá sọ iye tó máa dé ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àléébù tirẹ̀. Agolo kò mọ ohun tó ń lọ ní òpópónà kejì. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kò mọ̀ ju ohun tí wọ́n bá sọ fún un lọ, ilé-iṣẹ́ tó ń tú èéfín jáde ló sì sábà máa ń kọ iye tí òun tú jáde. Èmi a máa fọkàn tán ìwádìí tó bá lo méjèèjì, tó sì sọ ibi tí wọn ò ti bára mu.

Ẹ ó máa rí "máíkírógíráàmù nínú kúbíìkì mítà". Ẹ fojú inú wo àpótí kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan, tí wọ́n fọ́n ká inú àpótí yẹn, ni máíkírógíráàmù kan nínú kúbíìkì mítà; bí mo bá kọ máíkírógíráàmù nìkan láti ibí lọ, òun ni mo ń sọ. Iye tí wọ́n sábà máa ń lò nínú ìṣirò ni pé àgbàlagbà ń mí nǹkan bí irú àpótí 20 lójúmọ́. Bí ìwé bá sì lo "ppb", ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìdá afẹ́fẹ́, ẹ má ṣe fi í wé máíkírógíráàmù láìyí i padà: fún benzene, ppb kan tó nǹkan bí máíkírógíráàmù 3.2.

Ǹjẹ́ iye kan wà tó kéré débi pé kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan?

Ó wà fún ọ̀pọ̀ kẹ́míkà, tí kì í bá ṣe ti jẹjẹrẹ. Ara lè gba ohun díẹ̀ mọ́ra, á yí i dà, á sì tì í jáde. Wọ́n á wá iye tó kéré jù tó pa ènìyàn tàbí ẹran lára, tàbí iye tó pọ̀ jù tí kò pa á lára, wọ́n á wá dín in kù: wọ́n lè pín in sí mẹ́wàá torí pé eku kì í ṣe ènìyàn, kí wọ́n tún pín in sí mẹ́wàá torí pé ara ò dọ́gba, àwọn aláìlera sì wà láàárín wa. Ohun tó kù ni wọ́n ń pè ní ìwọ̀n àfiwé, iye tí ènìyàn lè máa mí jálẹ̀ ayé rẹ̀ láìfojú sọ́nà fún ìpalára. Ìwọ̀n tí EPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ fún toluene, èyí tó máa ń wà nínú ọ̀dà, jẹ́ máíkírógíráàmù 5,000. Ti oru mẹ́kúrì jẹ́ 0.3. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó, ó ju ìlọ́po 16,000 lọ. Ìdí nìyẹn tí "kẹ́míkà wà níbẹ̀" nìkan kò fi tó ọ̀rọ̀ sọ.

Ti jẹjẹrẹ yàtọ̀. Bí ẹ̀rí tó dájú kò bá sọ òmíràn, wọ́n á gbà pé bó ti wù kí ó kéré tó, ó fi díẹ̀ kún ewu. Torí náà, wọn kì í béèrè pé "ṣé ewu wà?" Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé "ewu náà tó mélòó?"

Kí wá ni ìtumọ̀ "ọ̀kan nínú mílíọ̀nù"?

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Ká ní benzene àdúgbò kan jẹ́ máíkírógíráàmù 2. Iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò ni pé máíkírógíráàmù kan, tí ènìyàn bá mí i látìgbà ìbí títí di ikú, ń fi mẹ́fà nínú mílíọ̀nù kún ewu jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Méjì lọ́nà mẹ́fà, méjìlá. Ìyẹn ni pé bí mílíọ̀nù kan ènìyàn bá gbé ibẹ̀, tí wọ́n mí afẹ́fẹ́ yẹn lọ́sàn-án lóru fún 70 ọdún, a lè retí nǹkan bí ènìyàn méjìlá tí àrùn náà máa mú tí kì bá tí mú wọn.

Ṣùgbọ́n ti EPA kì í ṣe iye kan ṣoṣo. Wọ́n ní ó lè bẹ̀rẹ̀ láti 2.2 títí dé 7.8. Bí a bá fi ìyẹn ṣe é, ìdáhùn wa á wà láàárín 4.4 àti 15.6. Afẹ́fẹ́ kan náà, kẹ́míkà kan náà, àwọn onímọ̀ tó mọṣẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé ewu yín jẹ́ "12.37 nínú mílíọ̀nù", ẹ bi í bó ṣe rí ìdá kékeré tó fi kẹ́yìn yẹn.

Ẹ tún rántí pé àfikún ni iye yìí. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ènìyàn mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni wọ́n máa ń sọ fún nígbà kan láyé wọn pé wọ́n ní jẹjẹrẹ kan tàbí òmíràn, ohun yòówù kó fà á. Orí ìyẹn ni a ń gbé àfikún náà lé. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹni tó ń gbé nídìí ilé-iṣẹ́ kò yan àfikún tirẹ̀, òun náà kọ́ ló sì ń jèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ta ló ń pinnu pé iye kan ti pọ̀ jù?

Ìjọba ni, kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Nínú ìpinnu tí EPA ṣe lórí benzene ní 1989, wọ́n ní ewu tó bá ju 100 nínú mílíọ̀nù lọ fún ẹni tó fara gbá a jù, wọn ò ní sábà gbà á, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn bó bá ti lè ṣeé ṣe tó wà nísàlẹ̀ ọ̀kan nínú mílíọ̀nù. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà nínú àjọṣe wọn ní benzene kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 5 lọ ní ìpíndọ́gba ọdún kan, wọ́n sì ti fẹnu kò láti sọ ọ́ di 3.4 ní 2030. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò dá iye kan kankan lé benzene. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò sí iye tí ọkàn fi lè balẹ̀ pátápátá: ní máíkírógíráàmù 17, ewu jẹ́ ọ̀kan nínú 10,000, ní 1.7, ọ̀kan nínú 100,000; ní 0.17, ọ̀kan nínú mílíọ̀nù. Ẹ mú èyí tí ẹ bá lè fara mọ́ nínú wọn.

Kẹ́míkà kan ṣoṣo kọ́ là ń mí. Báwo ni ti àpapọ̀ wọn?

Fún jẹjẹrẹ, wọ́n sábà máa ń ro ewu gbogbo wọn pọ̀. Fún àwọn yòókù, wọ́n á fi ìwọ̀n àfiwé pín iye tó wà nínú afẹ́fẹ́, wọ́n á wá ro ti àwọn tó ń ba ẹ̀yà ara kan náà jẹ́ pọ̀. Ká ní kẹ́míkà méjì ń ba ọpọlọ jẹ́, tí ọ̀kan jẹ́ 0.6 tí èkejì sì jẹ́ 0.7. Bí a bá wò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí èyí tó dé ọ̀kan. Bí a bá rò wọ́n pọ̀, ó di 1.3. Kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ti ń ṣàìsàn, ó kàn túmọ̀ sí pé a ti kọjá ibi tí ọkàn ti lè balẹ̀. Bí ìwé kan bá to kẹ́míkà ogún tí gbogbo wọn kò dé ọ̀kan, tí kò sì ro èyíkéyìí pọ̀, iṣẹ́ ò tíì parí.

Àwọn ọmọdé ńkọ́?

Bí a bá fi wé ìwúwo ara wọn, ọmọdé ń mí afẹ́fẹ́ ju àgbàlagbà lọ, ara wọn sì ṣì ń dàgbà lọ́wọ́. Láti 2005, ìlànà EPA ni pé fún kẹ́míkà tó ń ba apilẹ̀ àbùdá jẹ́ kó tó di jẹjẹrẹ, bí kò bá sí ẹ̀rí pàtó nípa ọmọdé, kí wọ́n fi mẹ́wàá sọ ewu náà di púpọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, kí wọ́n sì fi mẹ́ta ṣe é láti ọdún méjì títí dé 16.

Bí mi ò bá gbọ́ òórùn kankan, ṣé kò séwu nìyẹn?

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé imú. Kí imú ènìyàn tó gbọ́ òórùn benzene, á ti tó nǹkan bí máíkírógíráàmù 5,000. Ẹ fi ìyẹn wé 1.7 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ethylene oxide tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ pọ̀ lọ rẹpẹtẹ kí imú tó mọ̀ pé ó wà. Gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, hydrogen sulphide, yàtọ̀ ní tirẹ̀: imú ń gbọ́ ọ nígbà tó ṣì kéré gan-an, àmọ́ bó bá wá pọ̀ dé ibi tó léwu, ó ń pa agbára ìgbóòórùn, ènìyàn á rò pé ó ti lọ.

Gbogbo ìṣirò yìí dá lórí 70 ọdún. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ kan ńkọ́?

Ìbéèrè tó ṣe kókó ni, torí pé ìpíndọ́gba ọdún kan lè bo wákàtí burúkú kan mọ́lẹ̀. Lóru ọjọ́ kejì mọ́jú ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá 1984, ní Bhopal ní Íńdíà, methyl isocyanate tó nǹkan bí 40 tọ́ọ̀nù jò jáde nínú ilé-iṣẹ́ oògùn apakòkòrò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló kú. Jàǹbá yẹn wà lára ohun tó mú Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní 1986 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa kéde kẹ́míkà tí wọ́n ní nípamọ́ àti èyí tí wọ́n ń tú jáde. Fún irú ewu òjijì báyìí, òṣùwọ̀n mìíràn ni wọ́n ń lò, ti ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí wákàtí kan sí mẹ́jọ. Bí ìwádìí bá ti ìpíndọ́gba ọdún nìkan sọ̀rọ̀, tí ilé-iṣẹ́ náà sì máa ń dédé tú èéfín jáde lọ́gànjọ́, apá kan ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n sọ.

Ṣé ọ̀nà imú nìkan ni?

Fún benzene, ọ̀nà imú ló ṣe pàtàkì jù. Òjé, mẹ́kúrì àti dioxin (kẹ́míkà olóró kan tó máa ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń sun ìdọ̀tí) ń balẹ̀ sórí ilẹ̀ àti omi, wọn kì í sì í tètè lọ. Ọmọ tó ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀ lè máa gba òjé tó jáde lẹ́nu èéfín ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dáwọ́ títa bẹntiróòlù olójé fún ọkọ̀ dúró ní gbogbo ayé, 2021 ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń yí iye padà? Lánàá wọ́n ní kò séwu, lónìí wọ́n ní ó wà.

Ní 2016, EPA tún ethylene oxide yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé agbára rẹ̀ láti fa jẹjẹrẹ ju ohun tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 20. Afẹ́fẹ́ ò yí padà lọ́jọ́ yẹn. Ìmọ̀ ló yí padà. Àwọn tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń lò ó bínú, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Síbẹ̀, àjọ tó ń tún iye rẹ̀ yẹ̀ wò ni èmi á gbọ́ tiẹ̀, ju èyí tó di ti àtijọ́ mú lọ.

Bí wọ́n bá mú ìwé ìwádìí wá fún wa, kí la lè béèrè?

Ẹ béèrè ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí, àti ìhà ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sí ìhà ibi tí atẹ́gùn ti ń wá kò lè rí nǹkan kan. Ẹ béèrè ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, torí pé ọ̀sẹ̀ méjì nígbà òjò kò lè sọ̀rọ̀ fún ọdún kan. Ẹ béèrè kẹ́míkà tí wọ́n kò wá.

Lékè gbogbo rẹ̀, bí ẹ bá rí "a kò rí i", ẹ béèrè iye tó kéré jù tí ẹ̀rọ wọn lè rí. Fún oríṣi chromium tó léwu tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀, iye tó ń dá ewu ọ̀kan nínú mílíọ̀nù sílẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 10,000 máíkírógíráàmù. Bí ojú ẹ̀rọ kò bá tó ibẹ̀, "a kò rí i" kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó dijú wá abẹ́rẹ́.

Ènìyàn mi ní jẹjẹrẹ, ilé-iṣẹ́ kan sì wà lẹ́bàá ilé wa. Ṣé ìwádìí yìí lè sọ bóyá òun ló fà á?

Ẹ kú ìnira o. Kò lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ọjọ́ iwájú ni ìṣirò yìí ń sọ, kò mọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí àdúgbò kan bá rò pé àrùn ti pọ̀ jù láàárín wọn, ìwádìí mìíràn ni wọ́n nílò, èyí tó ń ka iye àwọn tó ní irú àrùn kan náà, tó ń fi wọ́n wé àdúgbò mìíràn, tó sì ń wo ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe rí àti bóyá wọ́n ń mu sìgá. Ìyẹn náà kì í sábà so èso níbi tí ènìyàn bá ti kéré, torí pé àrùn méjì tàbí mẹ́ta lè jẹ́ àkọsẹ̀bá lóòótọ́. Ẹ kọ orúkọ jẹjẹrẹ náà gan-an sílẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n rí i àti iye ọdún tí ẹni náà ti gbé níbẹ̀. Ohun tí àwọn olùwádìí máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.